Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Kẹrin

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá mi sọ pé kí n má bínú sí àbúrò mi mọ́, kó kọ́kọ́ jókòó, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán. Mi ò bínú sí ọkọ̀, mi ò bínú sí òkúta, kódà mi ò bínú sí máníjà tó fọwọ́ sí ìwé. Àbúrò mi ni mo bínú sí, ọmọ ìyá mi, ẹni tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Àmọ́ ìtàn náà kì í ṣe tiẹ̀. Ti Bàbá Rọra ni.

Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta irin ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́. Kòtò ńlá ni, ó jìn débi pé bí o bá dúró létí rẹ̀, katakata tó wà nísàlẹ̀ á dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Katakata á bu òkúta sẹ́yìn típà, típà á gun òkè jáde, á lọ dà á sínú ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ, á tún sọ̀kalẹ̀ padà. Bí a ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Típà mẹ́wàá ni wá, kì í sì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí lójú títì o. Táyà kan ga ju èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ, àkàbà onígbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún lèèyàn sì máa gùn kó tó jókòó sídìí ọkọ̀. Ọkọ̀ kẹrin ni tèmi. Ọkọ̀ keje ni ti Bàbá Rọra.

Kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Á sọ fún ẹ́ńjìnnì pé kó rọra, á sọ fún búréèkì pé kó rọra. Bí àwa dẹ́rẹ́bà bá ń sáré ká lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ katakata, á gbé rédíò ọkọ̀ sẹ́nu: "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Òkúta ò ní sá lọ." A máa ń sín in jẹ títí. Ẹyin sísè méjì ló máa ń gbé wá síbi iṣẹ́, nínú agolo búlúù kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Kò lè jẹ ẹyin yẹn láìfi ọ̀kan lọ ẹni tó bá wà nítòsí. Bí o bá sọ pé o ti yó, á bínú.

Òun ló kọ́ mi lọ́kọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, àwọn tó kù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: obìnrin wo ló fẹ́ wa ilé alájà méjì? Ọ̀kan ní kí n kúkú lọ máa po tíì. Bàbá Rọra ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó di àkàbà mú fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, gun òkè. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ ló ń gba atẹ́gùn." Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó tì mí, kò pariwo mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi tí mo máa ń gbaná jẹ bí ẹni tí wọ́n ta epo sí yìí. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé ẹnu mi yá ju ọkọ̀ mi lọ.

Nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ká a mọ́ ọn. Mo rí i tó ń juwọ́ tó ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ omi tí wọ́n páàkì, tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nínú rẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi, nǹkan tó bá jìnnà ti di èéfín lójú mi. Èyí tó bá sún mọ́ mi, mò ń rí i. Má sọ fún wọn o. Bí wọ́n bá sọ̀ mí kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, kí ni mo fẹ́ máa fi ara mi ṣe? Kí n máa nà gbalaja kí n máa ka pákó àjà?"

Mo ní n kò ní sọ. Àwa mẹ́rin la fẹnu kò nínú àwọn dẹ́rẹ́bà: ọkọ̀ keje ò gbọdọ̀ ṣáájú láéláé, kò sì gbọdọ̀ dá rìn. Èmi ni màá máa wà níwájú rẹ̀, iná pupa méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi ni yóò sì máa tẹ̀ lé. Láràárọ̀, kí n tó gun àkàbà, màá fi àkísà tútù nu iná méjèèjì títí wọ́n á fi máa dán. Bí katakata bá ṣèèṣì bu òkúta fún un ṣáájú mi, á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa díbọ́n bíi pé ó ń yẹ táyà wò, títí ọkọ̀ mi á fi kún, tí màá sì kọjá. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mi kọ̀ tí kò jí láàárọ̀, inú rírun mú Bàbá Rọra lójijì. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àwa mẹ́rin rẹ́rìn-ín títí ikùn ń dùn wá.

Ìdánwò ojú ńkọ́? A rọ́nà gbé ìyẹn gbà. Lọ́dọọdún ni nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ máa ń yẹ ojú dẹ́rẹ́bà wò. Wọ́n gbé pátákó kan kọ́ ara ògiri tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, ńláńlá lókè, wínníwínní nísàlẹ̀, ìlà karùn-ún ni wọ́n sì máa ń ní ká kà. Pátákó kan náà ni wọ́n ń lò látìgbà tí mo ti débẹ̀. Mo wá fi nǹkan ọkọ̀ kọ́ Bàbá kó má bàa gbàgbé: T, táyà; H, họ́ọ̀nù; K, katakata; D, dísù; F, fíltà. Ó máa ń kà á bí ọmọ iléèwé. Ọdún kan, ó kù díẹ̀ kó la "táyà" mọ́lẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì, ló bá fi ikọ́ bò ó. Ó húkọ́ títí nọ́ọ̀sì fi fún un ní oògùn ikọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn, láìpa ẹnikẹ́ni lára, tí àbúrò mi fi dé.

Ọdún méjìlá ni mo fi jù ú lọ. Ó kéré nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo ń nu imú rẹ̀. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, mi ò jiyàn. Iṣẹ́ tó kọ́ ni pé kéèyàn gbé odindi ibi iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ọkọ̀ máa rìn, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kó lè rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun níta. Ilé iṣẹ́ wa gbà á fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá típà mẹ́wàá pọ̀ jù tàbí kò tó, bóyá ó yẹ kí katakata di méjì, àti ibi tí àkókò ń gbà ṣòfò. Ọ̀dọ̀ mi ló dé sí. Inú mi dùn kọjá ààlà, mo kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá kékeré kó lè rí ibi sùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà wa lábẹ́ agbòjò, aago lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì, ó ń kọ ìgbà tí típà kọ̀ọ̀kan gùn àti ìgbà tó sọ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ ní Ìyá Aago. Bó bá délé, á ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná. Ó fi hàn mí lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà wa wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, àwa sì rèé, àpótí kéékèèké aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n kọ nọ́mbà sí lára, à ń tò lẹ́yìn ara wa lọ bí èèrà.

Mo pariwo, "Èmi rèé! Ọkọ̀ kẹrin! Kí ló dé tí o sọ mí di kékeré tó báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí omi tí mo gbé kaná tó hó, òun lè mú kí àwọn àpótí yẹn fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́. Ó lè ba ọkọ̀ jẹ́ nínú rẹ̀, ó lè da ẹrẹ̀ sójú ọ̀nà, kó sì wo ohun tó máa tìdí rẹ̀ yọ. Mo ní eré ọmọdé ni.

"Àǹtí mi, ẹ ò ní pè é léré tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ohun tó ń sọ náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ó yẹ ká máa gbé ẹrù àádọ́rùn-ún lójúmọ́. Méjìlélọ́gọ́rin là ń gbé. Ẹrù mẹ́jọ sọnù, àbúrò mi ò sì rí ibi tó wọlẹ̀ sí. Ó yí èyí padà, ó yí tọ̀hún padà, mẹ́jọ ò padà wá. Bí tinú kọ̀ǹpútà ò bá sì bá tòde mu, kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan, mò ń ṣa ẹ̀wà, òun ń wo kọ̀ǹpútà. Ó kàn gbójú sókè.

"Àǹtí mi, ní gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ọkọ̀ keje ò ṣáájú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn yín ló máa ń wà ṣáá. Bẹ́ ẹ bá pẹ́, á dúró dè yín, gbogbo àwọn tó kù á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Kí ló dé?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ẹ̀ ń purọ́. Etí yín ń mì."

"Etí ẹ ni yóò mì, aláìgbọràn."

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni o, kì í ṣe ará ìta. Kí n kàn mọ ohun tí màá fi sínú ẹ̀ ni. Kò ní kọjá orí tábìlì yìí."

Mo wo ojú rẹ̀, ojú tí mo ti ń nù láti kékeré. Mo bá sọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnu mi ṣe là, kò mọ bó ṣe ń dé mọ́. Mo sọ ti iná ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sọ ti inú rírun. Nígbà tí mo wá rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, mo sọ ti pátákó nọ́ọ̀sì, mo sì kọrin ẹ̀ fún un: T, táyà, H, họ́ọ̀nù. A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ẹ̀wà dà sílẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, àpótí inú kọ̀ǹpútà gbé ẹrù méjìlélọ́gọ́rin géérégé. Ó dì mọ́ mi. Àmọ́ nígbà tó yá, kò bá mi ṣeré mọ́. Mo wọlé bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣe ohun kan náà lásètúnṣe: ọkọ̀ kẹrin á dúró gbọnin láàárín òkè, keje á máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìdánwò ojú dé. Èmi àti Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá nọ́ọ̀sì, mo ń rán an létí wúyẹ́wúyẹ́, ó ń mi orí. Èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Lọ́dún yìí, òun ni wọ́n pè. Mo dìde tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo sì rí máníjà tó dúró ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó káwọ́ gbera.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ka ìlà karùn-ún fún mi, Bàbá."

Ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Ó gbé àyà sókè. "T. H. K. D. F."

Mo wo pátákó náà láti èjìká rẹ̀. Tuntun ni. Nọ́mbà ni wọ́n kọ sí i látòkè délẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà, ó pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tiẹ̀ fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé nọ́mbà ló wà níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà. Ọwọ́ tó ká sẹ́yìn tú. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá mi. Ìwọ̀n ìṣísẹ̀ márùn-ún ló wà láàárín wa, kò sì rí mi.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ keje lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe délé, mi ò bọ́ bàtà. "Ta ló sọ fún wọn?"

Àbúrò mi ò tiẹ̀ jiyàn. "Èmi ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fún máníjà."

"O ní kò ní kọjá orí tábìlì!"

"Mo mọ̀. Àǹtí mi, ẹ gbọ́. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ yín bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe láàárọ̀ tí Bàbá lè sọ pé inú ń run òun. Láàárín òkè, lójijì, kí iná ẹ̀yìn ẹ̀ kú. Igba ìgbà ni mo ṣe é. Ẹ̀yin lẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ mọ iye ìgbà tí ọkọ̀ keje—"

"Mi ò fẹ́ mọ̀!" Mo gbá tábìlì. "Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́! Kí ló ṣe tí o ò kọ́kọ́ wá bá mi?"

Ó wò mí. "Ṣebí ẹ̀ bá sọ fún un. Ẹ̀ bá kọ́ ọ ní nọ́mbà."

Òótọ́ ni. Ohun tó sì dùn mí dé egungun nìyẹn, torí màá kọ́ ọ. Mo ní kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò nílé mi. Ó kó o láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dáadáa kó tó lọ. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà.

Bàbá Rọra wá kí gbogbo wa pé ó dìgbóṣe. Àwọn dẹ́rẹ́bà yí i ká, wọ́n ń wò mí, nítorí èmi ni olùkọ́. Ó ní, "Ẹ má wo ọmọ yẹn o. Ó kọ́ mi dáadáa. Ọpọlọ àgbàlagbà ló da lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́mbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí. Mo dúró níbẹ̀ bí olè tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Wọ́n fi ẹlòmíràn sínú ọkọ̀ keje, eléré sísá kan báyìí, a sì ti ń gbé ẹrù àádọ́rùn-ún lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe wí. Èmi ṣì ń nu iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi láràárọ̀, ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Sátidé mẹ́ta ni mo gbéra. Bí mo bá dé ibi òpó iná tó wà ní orí àdúgbò rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á kọ̀. Mo máa ń fọkàn ara mi balẹ̀ pé kò lè rí mi láti ibẹ̀.

Ní Sátidé kẹrin, mo kọjá òpó iná. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi. Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, agolo búlúù wà lórí itan rẹ̀. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: pé èmi ni, pé mo sọ ọ́ fún àbúrò mi lórí ẹ̀wà lásán, pé òun ló dà wá, pé mo ti lé e jáde nítorí ẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Àbúrò rẹ ti wá."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Orí àga tí o jókòó sí yẹn ló ti sunkún. Ó sọ tiẹ̀, ó sọ tìẹ. Mo fẹ́ lé e dànù, kò lọ. Òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ bá dókítà ojú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Dókítà ní nǹkan kan ló bò ó, nǹkan funfun bí awọ ẹyin. Wọn ò lò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ṣí i. Wákàtí kan o! Ọdún márùn-ún làwa fi ń ka táyà, họ́ọ̀nù. Nínú gbogbo wa tí a gbọ́n tó yẹn, kò sẹ́ni tó ní ká lọ bá dókítà."

Mo ní, "Ẹ ti wá mọ̀ látọjọ́ yìí, kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí?"

"Mò ń retí rẹ ni."

Ó na ìka síta fèrèsé. Mo tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Òpó iná náà ló ń nà sí, ó wà ní ọ̀ọ́kán gedegbe.

"Aṣọ àwọ̀ ewé lo wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ó ní. "Ọjọ́ kejì, o mú báàgì dání. O dúró, o wo ilé yìí, o yí padà. Ìgbà mẹ́ta. Ọdún márùn-ún ni mo fi tẹ̀ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ, mi ò ṣìnà lọ́jọ́ kan. Ojú mi wá là tán, ẹ̀yìn rẹ tó ń lọ ló fi hàn mí."

Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá fún mi. Bàbá Rọra ṣí agolo rẹ̀, ó mú ẹyin kan, ó bó o pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jẹ ẹ́ tán láìwo ọ̀dọ̀ mi. Mo na ọwọ́ mi díẹ̀ sórí orúnkún, láìmọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ó fi èkejì sílẹ̀ nínú agolo, ó dé e. Ó ní àbúrò mi ń bọ̀ láago mẹ́rin, tiẹ̀ nìyẹn.